Arère, Igi Fúyẹ́fúyẹ́

Bí o bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta pákó, wá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí òrí. Gbé ẹyọ kan. Wàá rò pé ó ṣófo ni, àfi bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ dànù. Arère nìyẹn. Wawa ni wọ́n ń pè é ní Gánà, ayous ni ní Kamẹrúùnù. Obeche, tí ọjà àgbáyé mọ̀ ọ́n sí, ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀dó ni orúkọ náà ti wá.

Nínú igbó, òmìrán ni. Ó lè ga tó mítà 50, ìdí rẹ̀ a sì na apá bí ògiri. Ewé rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹwọ́ tí a ya ìka rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wọ́wé.

Pákó arère gbígbẹ tó kún kúbíìkì mítà kan máa ń wọn nǹkan bí kílò 380. Ti ìrókò ń lọ bí 650. Fífúyẹ́ yìí ni àwọn kan rí tí wọ́n fi ń pè é ní igi yẹpẹrẹ. Èmi kò gbà. Ó tètè gbẹ, kì í sábà wọ́, ayùn kì í há sí i lára. Òun ló yẹ àpótí, inú dúrọ́ọ̀, férémù àwòrán àti pákó àjà. Kì í tètè gbóná, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ṣe ìjókòó nínú yàrá ooru tí àwọn ará Fínlándì ti ń làágùn. Àmọ́ ìṣó tó tètè wọ̀ ọ́ náà ló tètè ń yọ. Ẹ fi gúlúù kún un.

Ohun tí kò fẹ́ ni ọ̀rinrin. Ìtì rẹ̀ tí a gé, tí a kò tètè là kí a sá a, á yí sí àwọ̀ aró, kòkòrò á sì lu ú. Ẹni tó bá sì rì í mọ́lẹ̀ ṣe òpó, ikán ló ń bọ́.

Ìbẹ̀rù mi ni pé a ń gé e ju bí a ṣe ń gbìn ín lọ. Kì í so lọ́dọọdún, kòkòrò a máa ba èso rẹ̀ jẹ́, hóró rẹ̀ kì í sì í pẹ́ kú. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ igbó ní Ìbàdàn gé ọ̀mùnú rẹ̀, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ bí igi ẹ̀gẹ́, ó sì ta gbòǹgbò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílẹ̀ ní agbègbè igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbin arère sí etí oko yín.