Ètò kọ̀ǹpútà tí Ebola bí ní Nàìjíríà, tí Jámánì wá gbà lò

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí Kòrónà ń ṣọṣẹ́ ní Yúróòpù, ìjọba àpapọ̀ Jámánì àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ rẹ̀ fẹnu kò pé kí gbogbo ọ́fíìsì ìlera ìbílẹ̀ wọn, tí wọ́n tó nǹkan bíi 400, ti gba ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ SORMAS kí oṣù Kejì tó parí. Títí di àsìkò yẹn, ẹ̀rọ fáàsì ni púpọ̀ nínú àwọn ọ́fíìsì náà ṣì fi ń gba èsì àyẹ̀wò. Ètò tí wọ́n wá ń sáré gbà yìí, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà ló bí i, ilẹ̀ Nàìjíríà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní ogúnjọ́ oṣù Keje, Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò jẹ́ kó jáde ní ọsibítù. Àrùn náà ló padà gbẹ̀mí òun náà. Kí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tó kéde ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́, èèyàn 20 ló ti kó o, 8 sì kú. Iye yẹn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Làìbéríà, àmọ́ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò kéré rárá. Wọ́n ní láti wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn rí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, kí wọ́n sì máa yẹ̀ wọ́n wò fún ọjọ́ 21. Ìbẹ̀wò ojúkojú tí wọ́n ṣe lé ní 18,000.

Bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà lórí bébà, ẹni tí wọ́n kọ ní Adéwálé sínú ìwé kan lè di Wálé nínú òmíràn, kí ọ́fíìsì méjì máa wá ẹnì kan ṣoṣo bí ẹni pé èèyàn méjì ni. Ìdí nìyí tí ilé ìwádìí Helmholtz tó wà nílùú Braunschweig ní Jámánì, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Gérard Krause, fi jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ àjàkálẹ̀ àrùn ilẹ̀ wa láti kọ SORMAS. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Kánò ni wọ́n ti dán an wò lọ́dún 2015.

Orí ètò ìpamọ́ dátà ilé iṣẹ́ SAP ni àkọ́kọ́ yẹn jókòó lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un kọ ní open source: èdè Java ni wọ́n fi kọ ọ́, PostgreSQL ló ń tọ́jú dátà, áàpù Android sì wà fún àwọn tó ń lọ sí ìgboro àti oko. Kóòdù rẹ̀ wà lórí GitHub, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á. Ìwé àṣẹ GPL tí wọ́n fi sí i gbà kéèyàn lò ó, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n tó bá ń pín èyí tó tún ṣe fún ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ fi kóòdù tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ní tèmi, ìpinnu yẹn ló gba ètò náà là. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, owó àṣẹ ìlò nìkan ì bá ti dá ọ̀pọ̀ ìjọba dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí Ìdọ̀fin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ Kwara. Ká ní ẹnì kan ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru, tí nọ́ọ̀sì sì fura sí onígbáméjì. Wọn á pe òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àjàkálẹ̀ àrùn fún ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí àwọn ará iṣẹ́ ń pè ní DSNO, láti Ìlọ́fà tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Òun á dé pẹ̀lú fóònù, á kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ibùgbé àti àmì àìsàn sínú áàpù. Kò pọn dandan kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà, nítorí fóònù á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sínú ara rẹ̀. Ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti fojú hàn ni áàpù á ti kàn sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àárín tó ń tọ́jú dátà, á fi ohun tuntun ránṣẹ́, á sì gba ohun tó bá ti yí padà níbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀gá wọn ní Ìlọrin àti NCDC, àjọ tó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, ní Àbújá ti rí i. Èsì láàbù náà á gba ọ̀nà yẹn padà. Òṣìṣẹ́ Ọ̀sì, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tó múlé gbe Òkè-Ẹ̀rọ̀, kò ní rí aláìsàn náà àyàfi tí wọ́n bá taari rẹ̀ sí i.

Àmọ́ gbogbo èyí kò ní ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá jókòó ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà. SORMAS tí èèyàn gbà lórí GitHub kò mọ Kwara rí. Fáìlì kan wà lórí sáfà tó ń jẹ́ sormas.properties, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ orílẹ̀-èdè tí ètò náà wà, èdè tó máa sọ, àti ibi tí àárín máàpù rẹ̀ yóò bọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kó ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá sí i, ìjọba ìbílẹ̀ 774, àwọn wọ́ọ̀dù, àti ilé ìwòsàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá mọ agbègbè wa yóò ti máa rẹ́rìn-ín. Ìjọba ìbílẹ̀ kan ń jẹ́ Èkìtì ní Kwara, odindi ìpínlẹ̀ sì ń jẹ́ Èkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́lódùn àti Ìrẹ́pọ̀dùn wà ní Kwara, wọ́n sì tún wà ní Ọ̀ṣun. Nínú Òkè-Ẹ̀rọ̀ gan-an, Ìdọ̀fin Odò-Àṣẹ wà, Ìdọ̀fin Igbànà náà wà. Bí ẹni tó ń kó orúkọ sí sáfà bá kọ "Idofin" lásán, aláìsàn ìlú kan á bọ́ sí ìlú kejì lórí máàpù, wọ́n á sì gbé oògùn apakòkòrò lọ sí kànga tí kò ṣe nǹkan kan. Nítorí náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ibi tí ìlú wà lábẹ́ rẹ̀ ni sáfà gbọ́dọ̀ gbára lé, kì í ṣe orúkọ.

Àrùn kọ̀ọ̀kan náà ní ìtò tirẹ̀ nínú ètò náà. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti ń yan bóyá yóò hàn lórí fóònù, àti iye ọjọ́ tí wọ́n á fi ṣọ́ ẹni tó fara kan aláìsàn. Ti Ebola jẹ́ 21. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì tẹ 12, àwọn tí à ń ṣọ́ á ti jáde nínú àkójọ kí ewu wọn tó kọjá, kò sì sí ohun tó máa pariwo. Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ pé ọ̀lẹ ló ń fà á: ètò náà máa ń bá orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó wá, èyí tó wà nínú ìwé ìlò tí gbogbo ayé lè kà. Ẹni tí kò bá yí i padà lọ́jọ́ tó gbé sáfà dìde ti fi ìwé ìlera ará ìlú síta gbangba.

Nígbà tí ọ̀bọ-pọ́kìsì, ìyẹn monkeypox, bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2017, NCDC gbé SORMAS jáde fún un. Nígbà tó di 2018, ibà Lassa àti yírunyírun ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tí aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́ yóò fi hàn ní Nàìjíríà lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì 2020, wọ́n ti fi Kòrónà kún un. Gánà náà ń lò ó.

Jámánì tó tẹ̀ lé wọn kò rí i ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ló ti ní ètò tiwọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ní àwọn ò lè máa kọ́ tuntun nígbà tí aláìsàn ń rọ́ wọlé. Mo rò pé ẹjọ́ wọn tọ́. Kóòdù tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní kí ìtò rẹ̀ bá ilé oníkálukú mu, owó sáfà, iná mànàmáná àti ẹni tó máa ṣe ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ kò sì sí nínú ohun tí GitHub ń pín. Bákan náà ni owó dátà íńtánẹ́ẹ̀tì fún fóònù DSNO tó ń ti Ìlọ́fà lọ sí Ìdọ̀fin. Bí ìjọba kò bá fi owó yẹn sínú ìṣúná, tó ń retí olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun lọ́dọọdún, inú fóònù ni ọ̀rọ̀ aláìsàn á ti máa sùn.