Ṣé O Mọ̀? Kẹ̀kẹ́ Ológeere Tó Lè Rin Ọ̀nà Akotogbo

Ṣé o mọ̀ pé Ọlábísí Àjàlá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí arìnrìn-àjò orí Vespa, orí kẹ̀kẹ́ ológeere ló ti kọ́kọ́ lókìkí? Ní 1952, nígbà tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ìrìn 2,280 máìlì, tòun ti aṣọ ìbílẹ̀ wa lọ́rùn. Kẹ̀kẹ́ tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ yẹ kó lè gbé ọ láti Akotogbo nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa lọ síbi iṣẹ́ l'Óde-Ìrèlè lówùúrọ̀, kó sì gbé ọ re Òkìtìpupa lópin ọ̀sẹ̀, tìwọ tẹrù. Tó bá dá ọ dúró lọ́nà, má tètè bú ẹsẹ̀ rẹ. Ohun tí wọ́n tò sára kẹ̀kẹ́ náà ni kó o kọ́kọ́ wò.

Ṣé o mọ̀ pé táyà méjì lè jẹ́ "26", kí wọ́n má sì bá ríìmù kan náà mu? Ibí yìí lowó ti ń ṣòfò jù. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa, wàá rí nọ́ńbà kékeré méjì tí wọ́n fa ìlà sáàárín wọn, bíi 47-559 tàbí 37-590. Ti ìṣáájú ni fífẹ̀ táyà. Ti ìkẹyìn ni ìdábùú ríìmù níbi tí táyà jókòó sí, mìlímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Kẹ̀kẹ́ olókè (mountain bike) tí wọ́n ń pè ní 26, 559 ni. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ láti Japan tí wọ́n kọ 26 × 1⅜ sí lára, 590 ni. Raleigh àwọn bàbá wa, 28 × 1½, jẹ́ 635, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé tí wọ́n kọ 700C sí, tí àwọn kan tún ń pè ní 28, jẹ́ 622. Mìlímítà 13 péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kò sí bó o ṣe lè fa táyà 622 tó, kò ní wọ ríìmù 635. Nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ni kó o há sórí, má wulẹ̀ dá 26 tàbí 28 tí ọlọ́jà ń pè lóhùn.

Ṣé o mọ̀ pé táyà fífẹ̀ lè yá ju táyà tín-ín-rín lọ? Lórí ọ̀nà dáńbọ́ọ̀rú tó jọ̀lọ̀, tín-ín-rín dáa. Lórí ilẹ̀ pupa tí àgbàrá ti gbẹ́ kòtò sí, táyà tín-ín-rín tí wọ́n fún lẹ́fẹ̀ẹ́ le gbagidi á máa ju ìwọ àtẹrù sókè ni, agbára tó yẹ kó sún ọ síwájú á sì dà nù. Mú èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 40 sí 47, bí féémù bá gbà á, má sì fún un lẹ́fẹ̀ẹ́ ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Wàrà igi rọ́bà tí wọ́n ń dá nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ṣé o mọ̀ pé funfun ló máa ń jáde? Ohun kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò ni wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà tí táyà fi ń dúdú, òun náà ni kì í jẹ́ kó tètè jẹ.

Ṣé o mọ̀ pé irú ẹnu túbù mẹ́ta ló wọ́pọ̀? Yan èyí tó sanra bíi ti ọ̀kadà. Pọ́ǹpù fọkanáísà ibikíbi á bá a mu.

Ṣé o mọ̀ pé ríìmù irin tó ń dán gbinrin kì í jẹ́ kí bíréèkì múlẹ̀ bí omi bá kàn án? Rọ́bà bíréèkì á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Ríìmù alumíníọ́ọ̀mù sàn jù ú lọ fíìfíì, òjò tiwa níbí kì í sì í ṣe òjò ọjọ́ kan. Fi bíréèkì ọlọ́wọ́ gígùn méjì, irú èyí tí Shimano gbé jáde ní 1996, sí i, ó ti tó. Bíréèkì oníàwo dáa nínú ẹrẹ̀, àmọ́ jọ̀wọ́, oníwáyà ni kó o rà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olóìlì, ti Shimano pàápàá, kì í gba ọ́ìlì bíréèkì mọ́tò. Bí mẹkáníìkì bá ṣèèṣì bu ti mọ́tò sí i, á ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́, bíréèkì á sì dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀mí ló wà ńbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé rúlà ọmọ iléèwé tó láti fi yẹ ṣéènì wò? Fa ṣéènì le, gbé òdo rúlà sí àárín ìṣó kan. Ìdajì íǹṣì ló wà láti ìṣó sí ìṣó, torí náà ìṣó kẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí íǹṣì 12 géérégé. Bó bá ti fi 1/16 íǹṣì kọjá, pààrọ̀ ṣéènì. Bó bá tó 1/8, àfàìmọ̀ kó má ti jẹ eyín gíà pẹ̀lú, wàá sì ra méjèèjì. Irin ṣéènì kọ́ ló ń nà o, ibi tí ìṣó ti ń yí ló ń jẹ. Má sì ṣe fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú nínú ẹ́ńjìnnì pa á lára. Ẹ̀rún irin wà nínú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gíà mẹ́ta lè tó ọ? Ní 1936 ni Sturmey-Archer ti Nottingham bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe AW, gíà tó wà nínú ikùn wíìlì ẹ̀yìn. Gíà kékeré fi ìdámẹ́rin rọ̀ ju ti àárín lọ, ti ńlá sì fi ìdámẹ́ta yá jù ú lọ. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò lókè púpọ̀. Iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ìṣòro wa, wọn kì í sì í tètè wọnú gíà tí wọ́n bò pa. Èmi ò rí ohun tí gíà 21 máa ṣe fún ẹni tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé Raleigh àtijọ́ ní sípóòkù 32 níwájú, 40 lẹ́yìn? Ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù. Bó o bá fẹ́ di púpurù mọ́ kárìà, má gba wíìlì ẹ̀yìn tí sípóòkù rẹ̀ kò tó 36, kó o sì wo ìwọ̀n kìlógíráàmù tí wọ́n kọ sára kárìà.

Ṣé o mọ̀ pé òdì ni pẹ́dàlì òsì ń tú? Féémù irin sì ni kó o mú, torí bó bá kán, jórinjórin lè jó o.

Kó o tó sanwó, kọ nọ́ńbà táyà, irú ẹnu túbù àti irú bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà sínú bébà, mú un lọ bá fọkanáísà àdúgbò rẹ àti ẹni tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ l'Ókìtìpupa. Kẹ̀kẹ́ tí wọn ò bá ní ẹ̀yà rẹ̀, má rà á.