Ẹgbẹ́ Gbangba àti Ẹgbẹ́ Òkùnkùn: Ojúṣe Òbí Nínú Dídáàbò Bo Ọ̀dọ́ Lọ́wọ́ Ẹgbẹ́ Búburú àti Oògùn Olóró

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ òbí gùn lé tí wọ́n fi ń ka ọ̀rẹ́ ṣíṣe léèwọ̀ fún ọmọ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kò lè ṣe kí ó má lẹ́gbẹ́. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe gbígba ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ni ààbò. Mímọ ẹgbẹ́ náà ni, àti rírí i pé ẹgbẹ́ rere ti gba ọmọ mọ́ra kí ẹgbẹ́ búburú tó dé.

Ẹgbẹ́ láwùjọ Yorùbá

Láyé àtijọ́, ẹgbẹ́ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí Yorùbá fi ń kọ́ ọ̀dọ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ irọ̀ ara wọn a máa bá ara wọn ṣe àáró lóko, wọn a sì jọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Wọ́n ní orúkọ, olórí àti aṣọ ẹgbẹ́. Irú rẹ̀ ni regbéregbé àwọn Ìjẹ̀bú, tí a ṣì ń rí níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gún régé ni pé ojú àgbà wà lára rẹ̀: bàbá mọ àwọn tí ọmọ rẹ̀ ń bá ṣe àáró, ó sì mọ oko tí wọ́n wà.

Bí a bá wo ohun tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ń fún ọmọ, orúkọ ni, àwọ̀ aṣọ ni, olórí ni, àti ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní fìyà jẹ ẹ́. Ohun kan náà ni. Ojú àgbà nìkan ni wọ́n yọ kúrò.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibi tí ó dé

Ní ọdún 1952, Wọlé Ṣóyínká àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà mìíràn dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn. Kì í ṣe nítorí ìwà ipá ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìyapa ti wọlé, tí ẹgbẹ́ mìíràn ń jáde, tí àwọn kan sì gbé ohun ìjà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1999, ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti yunifásítì nìkan. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó wọ àdúgbò, débi pé orúkọ bíi Awawa ní agbègbè Agége àti One Million Boys ní Ìbàdàn di ohun tí ń dẹ́rù ba ará ìlú.

Oògùn olóró kì í jìnnà sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ ẹ̀bùn àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìwádìí tí àjọ NBS àti UNODC gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ní Nàìjíríà, láti ọmọ ọdún 15 sí ẹni ọdún 64, ni ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìdá 22.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ìjọba fòfin de omi ikọ́ tí ó ní codeine ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2018, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ń po àdàlù. Òbí tí ó bá gbọ́ "omi gọ́tà" lè rò pé ẹrẹ̀ ni, àdàlù oògùn àti igbó ni. "Skuchies" sì dà bí sóbò lásán lójú.

Ojúṣe òbí

Èkíní, kí òbí mọ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ, kí ó mọ ilé wọn àti òbí wọn. Ilé tí ọ̀rẹ́ ọmọ ti lè jẹun ni òbí ti lè mọ ìwà wọn.

Èkejì, kí òbí wá ẹgbẹ́ gbangba fún ọmọ: ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àṣà ní ilé-ẹ̀kọ́, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ lásìkò ìsinmi.

Ẹ̀kẹta, kí òbí la ojú sí àmì: owó tàbí fóònù tí a kò mọ orísun rẹ̀, àpá ẹgba lẹ́yìn, páálí oògùn lábẹ́ ibùsùn, oorun àsùnjù, sísá nílé-ẹ̀kọ́. Àmì kan ṣoṣo kì í ṣe ẹ̀rí; ìbéèrè ni ó yẹ kí ó fà.

Ẹ̀kẹrin, kí òbí ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń rán ọmọ ní paraga lójoojúmọ́ kò lè fi ẹnu kọ́ ọ pé kí ó má mu.

Ẹ̀karùn-ún, bí ọmọ bá ti kó wọ inú rẹ̀, kí a má lé e jáde. Ọwọ́ tí a fi na ọmọ, òmíràn ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tí a lé nílé, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni yóò gbà á. Kí òbí má dá lọ kojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà. Kí ó fi ọ̀rọ̀ lọ olùkọ́ agbaninímọ̀ràn àti ọlọ́pàá. Ilé-ìwòsàn bíi ti Arò ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Bí gìrì bá mú ẹni tí ó lo tramadol ní àlòjù, kí a má ro ìtọ̀ màálù tàbí epo sí i lẹ́nu, nítorí ó lè pa á. Ẹ̀gbẹ́ ni kí a dá a dé, kí a sì gbé e lọ sílé-ìwòsàn kíákíá.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ wà lára igba náà. Olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí i pé ọmọ kan ti yí àwọn tí ó ń bá jókòó padà. Bí ó bá ránṣẹ́ pe òbí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ṣì lè bá ìbéèrè mu. Bí ó bá di ìgbà tí a fẹ́ lé ọmọ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kí a tó pè wọ́n, ẹgbẹ́ mìíràn ti di òbí rẹ̀.