Ríra Iṣu Òdòdó ní Owó Pọ́ọ́kú

Ní Abúlé Ẹ̀gbá, ní agbègbè Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé pọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù fún ọ̀gbìn kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá rìn káàkiri àdúgbò náà yóò rí òdòdó nínú ike ọ̀dà, nínú táyà àtijọ́ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òdòdó a máa bu ẹwà kún ojúlé. Ọmọ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀gbìn òdòdó lè fi owó kékeré bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń rà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa irú òdòdó kan tí kò ṣòro gbìn, a ó sì kọ́ bí a ṣe lè rà á lọ́pọ̀ láìfi owó ṣòfò.

Oríṣìíríṣìí ọ̀nà ni a ń gbà gbin òdòdó. A ń gbin èso àwọn kan. A ń gé ẹ̀ka àwọn mìíràn, a ó sì rì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń ta sí abẹ́ ilẹ̀ bí iṣu. Díẹ̀ nínú wọn rí roboto bí àlùbọ́sà, díẹ̀ sì rí bí kókò tàbí ata ilẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, iṣu òdòdó ni a ó máa pe gbogbo wọn.

Kí ni ó wà nínú iṣu òdòdó? Bí ẹ bá la àlùbọ́sà sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ìpele ìpele. Ẹ ó rí ọ̀mùnú kékeré ní àárín rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ibi pẹrẹsẹ kan tí gbòǹgbò ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣu òdòdó lílì ṣe rí. Àwọn ìpele náà ni ilé oúnjẹ rẹ̀. Oúnjẹ yìí dà bí èyí tí ìyá dì fún ọmọ tí ó ń lọ sí ìrìn àjò. Òun ni ọ̀mùnú yóò máa jẹ títí ewé yóò fi jáde, tí gbòǹgbò yóò sì fi mú ilẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyí tí iṣu òdòdó ńlá fi máa ń tètè yọ òdòdó. Èyí tí ó kéré jù lè yọ ewé nìkan ní ọdún kìíní, nítorí pé oúnjẹ inú rẹ̀ kò tó.

Mẹ́ta nínú àwọn òdòdó báyìí wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa. Èkíní ni lílì, tí iṣu rẹ̀ jọ àlùbọ́sà. Èkejì ni lẹ́funlósùn, tí ewé rẹ̀ ní àmì funfun bí ẹfun àti àmì pupa bí osùn. Ẹ̀kẹta ni ìdò, tí òdòdó rẹ̀ lè pupa tàbí kí ó rí bí ẹyin adìẹ inú, tí èso rẹ̀ sì dúdú, tí ó le koránkorán. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, ewé lẹ́funlósùn lè kú pátá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òdòdó náà ti kú. Iṣu rẹ̀ ń sinmi lábẹ́ ilẹ̀ ni. Bí òjò bá tún dé, yóò hù.

Báwo ni a ṣe ń rà wọ́n? Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a lọ bá àwọn tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, kí a fi ojú ara wa wo ọjà. Ọ̀nà kejì ni kí a rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò ti ń tẹ ìwé tí àwòrán òdòdó kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà yóò kọ̀wé, yóò fi owó ránṣẹ́, wọn yóò sì fi iṣu òdòdó ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ilẹ̀ wa lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí àwòrán ọjà. Bí wọ́n bá ti sanwó, ẹni tí ń tà á yóò di ẹrù náà, yóò sì fi í sínú mọ́tò tí ń bọ̀ ní Èkó. Gáréèjì ni ẹni tí ó rà á yóò ti lọ gbà á.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a rántí nípa ọ̀nà kejì yìí: àwòrán ni a rí, a kò tíì rí ọjà. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé iṣu òdòdó kan pọ̀ gan-an, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa: Kí ni ìdí tí ó fi pọ̀? Àwọn ìdí kan kò ní ewu. Ó lè jẹ́ pé àkókò títà rẹ̀ ń parí lọ, tí ẹni tí ń tà á kò sì fẹ́ kí ó bàjẹ́ sí òun lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé oríṣìíríṣìí àwọ̀ ni ó dà pọ̀, tí kò sẹ́ni tí ó mọ èyí tí yóò pupa àti èyí tí yóò funfun. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kéré, tí a ó ní láti dúró fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ra irú ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àwọn ìdí mìíràn burú. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ń rà, pé kòkòrò ti wọ inú wọn, tàbí pé wọn kò lè yọ òdòdó ní ilẹ̀ wa rárá.

Ìtàn kan fi hàn bí ríra ohun tí a kò rí ṣe lè kó ènìyàn sí wàhálà. Òdòdó kan wà tí a ń pè ní tulip. Láti ilẹ̀ Tọ́kì ni ó ti dé apá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Láàárín ọdún 1630 sí 1637, àwọn ará ilẹ̀ Nẹ́dálándì fẹ́ràn rẹ̀ dé ibi pé owó iṣu rẹ̀ kan lè tó owó ilé. Nígbà tí iṣu náà ṣì wà nínú ilẹ̀, wọ́n ń rà á, wọ́n sì ń tà á lórí ìwé lásán. Nígbà tí ó di oṣù kejì ọdún 1637, owó rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ rà á mọ́. Àwọn tí ó ti ṣèlérí láti san owó gọbọi wọ inú àríyànjiyàn pẹ̀lú àwọn tí ó tà á fún wọn.

Ilẹ̀ Nẹ́dálándì ṣì ń ta iṣu tulip fún gbogbo àgbáyé títí di òní. Ṣé ó yẹ kí ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá ra tulip nítorí pé ó pọ̀? Rárá. Kí tulip tó lè yọ òdòdó dáadáa, iṣu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irú òtútù inú ẹ̀rọ amóhuntutù. Ní Èkó, kódà nígbà ọyẹ́, ojú ọjọ́ kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ta á ní náírà kan, ó ṣì wọ́n, nítorí pé kò ní ṣe ohun tí a torí rẹ̀ rà á.

Ewu mìíràn tún wà nínú kíkó ohun ọ̀gbìn wọlé láti òkè òkun. Ní nǹkan bí ọdún 1973, a rí kòkòrò kékeré funfun kan lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Kóńgò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá. Ó tàn kálẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn títí ó fi dé Nàìjíríà, ó sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko ẹ̀gẹ́ jẹ́. Ebi fẹ́ pa àwọn tí ń jẹ gàrí àti fùfú. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ní Ìbàdàn, ni ó gba ilẹ̀ wa sílẹ̀. Ní ọdún 1981, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú agbọ́n kéékèèké kan tí ó wá láti Paraguay sílẹ̀ kí ó máa pa kòkòrò náà. Hans Herren, ẹni tí ó darí iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé ní ọdún 1995. Nítorí irú ewu báyìí ni òfin ṣe wà pé a kò gbọ́dọ̀ kó irúgbìn, iṣu tàbí ewéko wọ Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ. Àjọ NAQS ni ó ń bójú tó o.

Bí iṣu òdòdó tí ẹ rà bá dé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

1. Ẹ gbé e lé ọwọ́. Èyí tí ó dára máa ń wúwo. Bí ó bá fúyẹ́ bí ìwé, inú rẹ̀ ti gbẹ.
2. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí ó le. Bí ó bá rọ̀, ó ti ń rà.
3. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn burúkú jẹ́ àmì ìjẹrà.
4. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Kò yẹ kí ihò kòkòrò wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní ẹnì kan ra iṣu òdòdó 20 ní ₦2,000, tí 5 péré sì hù. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí ó hù ná an jẹ́ ₦400. Ká ní ẹnì kejì ra 10 tí ó dára ní ₦3,000, tí gbogbo rẹ̀ sì hù. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ná òun jẹ́ ₦300. Ta ni ó ra ọjà ní owó pọ́ọ́kú nínú àwọn méjèèjì? Iye tí ó hù ni a fi ń mọ ọjà tí ó pọ̀, kì í ṣe iye tí ó wà nínú àpò. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ra díẹ̀ fi dán ẹni tí ń tà á wò. Kí àwọn ọmọdé sì jẹ́ kí òbí wọn bá wọn ṣe ètò owó náà.

Àkókò tí ó dára jù láti gbìn ín ni ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, láti oṣù kẹta sí ìkẹrin. Bí ó bá jẹ́ inú ike ni ẹ fẹ́ gbìn ín sí, ẹ lu ihò sí ìdí ike náà, nítorí pé iṣu òdòdó tí ó bá wà nínú omi yóò rà. Ẹ má ṣe kó iṣu òdòdó sí ilé ìdáná. Iṣu lílì jọ àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n májèlé ni. Lẹ́funlósùn náà a máa yún ni lẹ́nu àti ọ̀fun gidigidi.

Ní ìparí, ọ̀nà kan wà tí ó dínwó ju gbogbo èyí lọ. Lílì àti ìdò a máa bí ọmọ lábẹ́ ilẹ̀ títí wọn yóò fi há mọ́ ara wọn. Aládùúgbò tí òdòdó rẹ̀ ti há báyìí lè fẹ́ dín in kù. Ẹ kí i, ẹ tọrọ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má ṣe hú u láìgbàṣẹ. Irú èyí ti mọ ilẹ̀ wa, ẹ sì ti fi ojú ara yín rí òdòdó rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Ìbéèrè
1. Iṣẹ́ wo ni ìpele inú iṣu òdòdó lílì ń ṣe?
2. Sọ ìdí méjì tí iṣu òdòdó fi lè pọ̀ láìsí ewu, àti ìdí méjì tí ó burú.
3. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ní ọdún 1637?
4. Èé ṣe tí kò fi yẹ kí a ra tulip fún ọ̀gbìn ní Èkó?
5. Èé ṣe tí a kò fi gbọ́dọ̀ kó iṣu òdòdó sí ilé ìdáná?
6. Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ gbé àlùbọ́sà kan lé ẹnu ife omi, kí omi kan ìdí rẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀.