Kí Ló Ń Sọ Gúrúdì Di Rírọ̀ Lábẹ́ Áísìkirimù?

Stroopwafel ni bisikíìtì pẹlẹbẹ ìlú Gouda ní Nẹ́dálándì. Omi ṣúgà tó ki ni wọ́n fi ń lẹ méjì pọ̀. Àwọn kan máa ń fi áísìkirimù sáàárín rẹ̀ jẹ. Mi ò rí i rà l'Ọ́jà Ọba, ni mo bá lo gúrúdì. Mo fi áísìkirimù sáàárín méjì, ó di fíríísà. Nígbà tó máa fi dọjọ́ kejì, ó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀!

Kì í ṣe pé áísìkirimù yẹn yọ́ o. Ṣúgà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí gbogbo omi ibẹ̀ dì tán, kódà nínú fíríísà. Gúrúdì sì gbẹ táútáú, òun ló ń fa omi náà mu díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rá lomi kì í tètè gbà kọjá. Mo wá fi òróró àgbọn pa ojú gúrúdì, mo jẹ́ kó dì (tí kò bá ti gbóná tó 24°C, ó máa ń dì), kí n tó bu áísìkirimù sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ń rún wómúwómú lẹ́nu.

Ẹni tó bá rí stroopwafel ní tiẹ̀, kó yọ ọ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gé e jẹ: òtútù ti sọ omi ṣúgà inú rẹ̀ di líle.