Pitcairnia feliciana

Pitcairnia feliciana jẹ́ ewéko olódòdó tí ó ń hù lára àpáta ní orílẹ̀-èdè Gínì, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí Bromeliaceae, ẹbí tí ọ̀pẹ òyìnbó wà. Irú ewéko tí ó wà nínú ẹbí yìí lé ní 3,000, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀, àyàfi ẹyọ kan ṣoṣo yìí. Ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ń tà lọ́jà Òsì àti Ìlọ́fà ní Ìpínlẹ̀ Kwara kò yí èyí padà: Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá, orúkọ rẹ̀ pàápàá sì fi hàn pé àlejò ni.

Henri Jacques-Félix, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ni ó já a ní ọdún 1937. Òun ni wọ́n fi orúkọ náà, feliciana, yẹ́ sí. Auguste Chevalier ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1938.

Áfríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti pínyà láti nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò àbùdá fi hàn pé nǹkan bí 10 mílíọ̀nù ọdún péré ni ewéko yìí ti yà kúrò lára àwọn ìbátan rẹ̀. Nítorí náà, òkun ni ó là kọjá. Hóró rẹ̀ kéré, ó sì fúyẹ́. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tàbí ẹyẹ ni ó gbé e.

Orí òkè Futa Jalon, níbi tí àwọn àpáta oníyanrìn ti dúró ṣánṣán, ni ó ń gbé. Àpáta kọ̀ọ̀kan dà bí erékùṣù, nítorí pé ewéko yìí kì í hù nínú ọ̀dàn tí ó yí i ká. Gíga àpáta ni ó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ iná ọ̀dàn àti ẹnu ẹran. Ààbò yẹn kò kan ẹni tí ó wá fọ́ òkúta: bí àpáta bá lọ, kò sí ilẹ̀ mìíràn nítòsí tí ewéko náà lè sá sí.

Èyí ni ó mú kí dídáàbò bo àpáta fúnra rẹ̀ ṣe pàtàkì ju gbígbin igi lọ. Ọgbà Kew ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Gínì ti yan ibi 22 ní orílẹ̀-èdè náà tí ó yẹ kí a dá sí nítorí ewéko. Òkè Gangan, nítòsí ìlú Kindia, wà lára wọn. Ara àpáta òkè yìí ni wọ́n ti rí ewéko mìíràn tí sáyẹ́ǹsì kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Kindia gangan, èyí tí wọ́n kéde ní ọdún 2018.