Idán Ojoojúmọ́ Inú Ìwé Àtijọ́

Nínú The Palm-Wine Drinkard, ìwé Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta tó jáde ní 1952, ọkọ àti aya kan dé ẹnu ọ̀nà ilé abàmì kan. Kí wọ́n tó wọlé, wọ́n ta ikú wọn ní pọ́n-ùn 70, ṣílè 18 àti sísì. Ní ti ẹ̀rù wọn, wọn kò tà á. Wọ́n fi yá ẹnì kan ni, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, ẹni tó yá ẹ̀rù dá a padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra ikú kọ̀ jálẹ̀, ọjà ti tà. Bí wọ́n ṣe di ẹni tí kò lè kú mọ́, tí ẹ̀rù sì ṣì ń bà, nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà lóòótọ́, àmọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó mọ̀ pé títà yàtọ̀ sí yíyá kò nílò ògbufọ̀ kó tó gbádùn rẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ ni pé idán inú ìwé àtijọ́ wa kì í sá fún ayé. Owó, èlé, àga àti gègé ló fi ń ṣe ohun èlò, ìdí nìyẹn tí ẹni tó kà á fi máa ń tún ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ́ra wò. Ẹ wo Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Kí a tó kan iwin kankan, ọkùnrin kan jókòó jẹ́ẹ́ sórí àga nílé rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá àgbà kan yọ sí i, ó kí i, ó ní kó mú gègé àti bébà kó máa kọ ohun tóun bá sọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, èrò ti ń wá gbọ́ ìtàn náà. Lójú tèmi, ibẹ̀ yẹn lágbára ju Àgbákò, iwin olójú 16 inú ìwé náà, lọ, nítorí kò sí ilé tí àlejò kì í yà.

Àwọn kan á ní ìwé àjẹ́ àti ẹbọ nìwọ̀nyí. Tíṣà onígbàgbọ́ ni Fágúnwà, ilé ìtàwé CMS ló sì kọ́kọ́ tẹ ìwé náà. Ìwàásù inú rẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ ju ẹbọ lọ. Àtakò tó wúwo ni ti àkọtọ́: “aiye” àti “enia” máa ń kọ́ ẹni tó mọ àkọtọ́ 1974 lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ìwé mélòó kan ni, ojú á mọ́ ọn. Ohun tó ń pa àwọn ìwé yìí gan-an ni ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ á há orúkọ ẹ̀dá ìtàn sórí, á gba máàkì, kò sì ní ṣí ìwé náà mọ́ láé. Èyí tí kò sì sí nínú ìwé ìdánwò, bí Ibú Olókun tí J. Ògúnṣínà Ògúndélé kọ ní 1956, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò gbúròó rẹ̀ rí.

Ìjagun nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ni ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin tó ti wà níbẹ̀ láti 2005. Kí ẹni tó ń kọ́ láti di olùkọ́ Yorùbá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka ìwé àtijọ́ sókè fún kíláàsì, kó má béèrè ìbéèrè kankan, kó sì dúró síbi tí ìtàn ti dùn jù títí di ọjọ́ kejì.